Láti Ọ̀rẹ̀ dé Asaba: Ohun tí Ìwé Ìròyìn Kò Kọ ní 1967

‘Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.’ Àgbà Yorùbá tí kò gbọ́ gbólóhùn yìí rí ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí ń ta ayò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tí ọjà wọn kò tà ń fi í sọ bí ọjà ṣe rí, ọmọ ilé-ìwé tí ìdánwò le mọ́ lọ́wọ́ náà sì ń fi í kígbe. Ṣùgbọ́n bí a bá bi púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ ọ́ léèrè ohun tí ó le ní Ọ̀rẹ̀, àti ẹni tí ó le fún, ìdáhùn kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ìjà náà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ìjà ọ̀hún, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, kò di àṣàyàn ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìwé ìròyìn kò gbé e.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí Ogun Abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù kan ó lé díẹ̀, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà sọdá Odò Ọya sí Asaba, wọ́n sì gba Ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn láàárín ọjọ́ kan. Victor Banjo, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni olórí wọn. Láti Benin ni wọ́n ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí oṣù náà tó parí wọ́n sì ti dé Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá nígbà náà. Oríta inú igbó ni, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Benin wá ti ya sí méjì: ọ̀kan gba Òdìgbó lọ sí Oǹdó, èkejì sì kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó, tí kò jù 100 máìlì ó lé díẹ̀ lọ mọ́. Ẹni tí ó bá di oríta náà mú, ó di Èkó àti Ìbàdàn lọ́rùn mú nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìjà ibẹ̀ fi le. Ibẹ̀ ni ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Bìáfírà dúró, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn padà. Ní ọjọ́ ogún oṣù kẹsàn-án, Ẹ̀ka Ogun Kejì, tí Murtala Muhammed jẹ́ ọ̀gá fún, gba Benin padà. Nígbà tí oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti wọ Asaba.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Asaba kò fara sin mọ́ lónìí. Àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun wọn, akwa ocha, wọ́n jó jáde láti kí àwọn ọmọ ogun káàbọ̀, wọ́n sì ń kígbe ìṣọ̀kan Nàìjíríà. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ni a ya ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, tí a kó wọn lọ sí Ogbe-Osowa, tí a sì yìnbọn pa wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ ti wà lórí iye tí ó kú. Àwọn olùwádìí fojú dá a sí ohun tí ó wà láàárín 500 sí 1,000 nínú ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn obìnrin ni ó kù láti wá òkú ọkọ àti ọmọ wọn kiri. Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í fipá bá àwọn obìnrin náà lò pọ̀, tí wọ́n sì ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ pé àwọn yóò fi ṣe aya.

A kò lè sọ pé òfin kò ro irú ìwà yìí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1967, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Ọ̀rẹ̀ nínú ogun, Ọ̀gágun Gowon ti fi ìwé ìlànà ìwà ogun lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Ó wà nínú ìwé náà, láìfi bò, pé a gbọdọ̀ dáàbò bo àwọn obìnrin lọ́wọ́ ìkọlù sí ara àti iyì wọn, pàápàá lọ́wọ́ ìfipábánilòpọ̀. Ìjọba dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ìwé ìròyìn ni kò dárúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìwé ìròyìn kò sí. Daily Times àti Morning Post wà ní Èkó. Tribune, Sketch àti Ìròyìn Yorùbá wà fún ará ìwọ̀-oòrùn. Rédíò sì ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn ogun nígbà náà jẹ́ ìròyìn ìlú tí a gbà àti ọ̀tá tí a lé. Òfin ológun kan tí ó jáde ní ọdún 1967 kan náà fún ìjọba ní agbára láti ká ìwé ìròyìn yòówù lọ́wọ́ kò, kí ó má tà mọ́. Akọ̀ròyìn tí ó bá fẹ́ dé ojú ogun, lẹ́yìn ọmọ ogun ni yóò tẹ̀ lé, ẹnu ọ̀gá ológun ni yóò sì ti gbọ́ ohun tí yóò kọ. Ta ni yóò wá bi opó Asaba léèrè ọ̀rọ̀?

Nígbà tí ìròyìn náà wá jáde ní ilẹ̀ òkèèrè, ó jáde ní ìlàjì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, ìwé ìròyìn Observer ti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé 700 ọkùnrin ni a tò sórí ìlà tí a sì pa ní Asaba. Iṣẹ́ ńlá ni akọ̀ròyìn náà ṣe, nítorí pé àwọn tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù ú lọ kò sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin ni ó kà. Òkú ṣeé kà. Ẹni tí a fipá bá lò pọ̀ tí ó sì wà láàyè kò sí nínú ìṣirò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ìjọba Àpapọ̀ pe àwọn alákìíyèsí láti Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Sweden àti Poland, pẹ̀lú ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Ilẹ̀ Adúláwọ̀, láti wá wò ó bóyá a ń pa ẹ̀yà kan run. Ìbéèrè tí a ní kí wọ́n wá dáhùn nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ọdún kan ti wà lórí ọ̀rọ̀ Asaba nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹjọ́ mìíràn wé e. Ní ọdún 1968 náà, ọ̀gá sójà kékeré kan yìnbọn pa ẹni tí ó wà ní ìdè rẹ̀ lójú àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán náà sì wà nínú ẹ̀rọ wọn. Ìjọba dá ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà, àwọn oníròyìn sì tún wà níbẹ̀ láti ya á. Ohun tí ẹ̀rọ rí, ó ní ìdájọ́. Ìwà ipá sí obìnrin kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ìjọba nìkan ni ó pa ìròyìn náà mọ́. Èdè tí a fi ń ròyìn ní ọwọ́ nínú rẹ̀, èyí ni ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fara balẹ̀ wò. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, oníròyìn lè sọ ohun tí a ṣe sí obìnrin láìfi ẹni tí ó ṣe é sínú gbólóhùn rárá. Yorùbá kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: olùwà gbọdọ̀ wà. Oníròyìn wa a sì máa fi ‘wọ́n’ dí àyè náà: ‘wọ́n fipá bá a lò pọ̀’. Ta ni wọ́n? ‘Wọ́n’ yìí kan náà ni a fi ń sọ pé ‘wọ́n bí i ní Òdìgbó’, tí kò sí ẹni tí ń béèrè pé àwọn wo. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kékeré ni, ṣùgbọ́n odidi ẹ̀ka ogun lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà tún ń kọ́? ‘Bá lò pọ̀’ ni a ń lò fún tọkọtaya pẹ̀lú. ‘Bá’ sì ni a fi ń bá ni ṣeré, tí a fi ń bá ni jẹun. Nínú gbogbo gbólóhùn náà, ‘ipá’ nìkan ni ó ru ẹ̀ṣẹ̀; bí oníròyìn bá yọ ọ́ kúrò nítorí àyè tàbí nítorí ìtìjú, ẹ̀ṣẹ̀ ti lọ. Àwọn mìíràn a ní ‘ó bà á jẹ́’. Oúnjẹ a máa bà jẹ́, ọjà a máa bà jẹ́; bí ọmọbìnrin bá wá bà jẹ́ nínú ìwé ìròyìn, òun ni àbùkù wà lára rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kọlù ú. Èyí tí ó burú jù ni ‘fẹ́’. Yorùbá kì í fẹ́ ìyàwó láìsí alárinà, láìsí ìdána, láìsí ẹbí méjì. Ọmọbìnrin Asaba tí sójà fi ìbọn mú lọ, ta ni ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tí a ti pa? Síbẹ̀, ‘sójà fẹ́ ẹ’ ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti sọ ọ́, àti fún aládùúgbò, àti fún akọ̀ròyìn. Àwọn tí ń ka ìtàn ogun Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: a ní wọ́n kó ìlú lẹ́rú, wọ́n kó o lẹ́rù, a ó sì kọjá lọ, bí ẹni pé iye àwọn tí a kó ni gbogbo ìtàn wọn.

Ohun tí akọ̀ròyìn kò ṣe, àwọn ẹlòmíràn ni ó ṣe é. Ní 1982 ni Buchi Emecheta, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ibusa lẹ́bàá Asaba, tẹ Destination Biafra jáde. Nínú ìtàn àròsọ náà, àwọn sójà fipá bá Debbie Ogedemgbe, ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ gbòógì, lò pọ̀ nígbà tí ó ń ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn. Ọdún 15 lẹ́yìn ìjà Ọ̀rẹ̀ ni, ìwé ìtàn àròsọ ni ó sì sọ ọ́. Emma Okocha kọ Blood on the Niger ní 1994. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Chukwudifu Oputa ṣe alága rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí àwọn ará Asaba, ṣùgbọ́n ìjọba kò tẹ ìwé àbọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi jíṣẹ́ ní 2002 jáde. Ní 2017 ni ìwé Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli jáde, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń jókòó ti àwọn arúgbó tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn. Àwọn obìnrin a máa sọ ti ọkọ àti ọmọ wọn tí a pa. Ti ara wọn ni kì í yá wọn lẹ́nu. Ó tó 50 ọdún.

Ibòmíràn náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹjọ́ Akayesu, olórí ìlú kékeré kan ní Rwanda, ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò ní ìfipábánilòpọ̀ nínú. Ẹnu àwọn obìnrin tí ó wá jẹ́rìí nípa nǹkan mìíràn ni ó ti jáde. A fi kún ẹ̀sùn ní 1997, ní 1998 sì ni ilé ẹjọ́ àgbáyé kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ó lè jẹ́ ọ̀nà láti pa ẹ̀yà run.

Ìlànà ti wà fún oníròyìn Nàìjíríà báyìí. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 kọ̀ fún wọn láti dárúkọ tàbí láti gbé àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 jáde nínú ọ̀ràn báyìí, ó sì ní kí wọ́n má ṣe to ẹ̀gbin lẹ́sẹẹsẹ fún òǹkàwé. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 kò gba kí orúkọ ẹni tí a ṣe é sí hàn nínú ìròyìn ẹjọ́. Ọdún yẹn náà ni òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn jáde, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní 2021, èyí tí ó múlẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó pẹ̀lú. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé bíbo orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú bíbo ọ̀ràn fúnra rẹ̀, ‘wọ́n’ sì ṣì wà nínú ìròyìn ojoojúmọ́. Ní ti àwọn obìnrin Asaba, kò sí ẹni tí a tíì gbé lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí wọn.