Ìbọn Tí Kò Kọ̀: Ìdánwò Ọdún 1911 àti Àríyànjiyàn Tó Bí

Bí ọdẹ Yorùbá bá fa ìbọn tí kò dún, kò ní sọ pé ìbọn òun bàjẹ́. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ìbọn kọ̀." Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí. Òun náà ni a fi ń sọ pé ọmọ kọ oúnjẹ, àfi pé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ti Amẹ́ríkà níbí ni, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló dá lé.

Láti ọdún 1899 ni àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ti ń jagun ní erékùṣù Philippines. Ọta ìbọn ìléwọ́ tí ìjọba fún wọn kéré. Ìbọn ń dún o, ṣùgbọ́n jagunjagun Moro tí ọta bà lè máa bọ̀ síbẹ̀, tòun ti idà lọ́wọ́. Ní 1904, ọ̀gá ológun kan, John T. Thompson, àti dókítà ológun, Louis LaGarde, ṣe àyẹ̀wò lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 0.45 ínṣì kò wúlò fún irú ogun bẹ́ẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni ìbọn ìléwọ́ tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ ń gbòde. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí ọta kan bá ti jáde, agbára rẹ̀ a ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn, èèpo ọta a fò dànù, sípíríǹgì a wá dá irin náà padà, irin náà a sì gbé ọta mìíràn wọlé láti inú àpò ọta tó wà nínú ìdìmú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó kí a ṣẹ́jú. Ẹ wo iye ibi tí nǹkan ti lè há! Èèpo lè má jáde tán. Ọta tuntun lè fi imú gbá ẹnu ihò kó dúró síbẹ̀. Irin òkè lè má padà délé.

Ní 1907, ìjọba yẹ ìbọn ilé iṣẹ́ mélòó kan wò, títí kan Luger ti ilẹ̀ Jámánì. Èyí tí John Moses Browning ṣe fún Colt wà níbẹ̀. Ọmọ Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah ni Browning, wọ́n bí i ní 1855, baba rẹ̀ náà ń ṣe ìbọn. Àwa ì bá ní ọmọ àgbẹ̀dẹ ni. Ìjọba ra 200 nínú ìbọn Colt yìí fún àwọn ṣọ́jà ẹlẹ́ṣin láti dán wò, àwọn yẹn sì ráhùn dáadáa. Browning padà sẹ́nu iṣẹ́. Irin kékeré méjì ló so ọ̀pá ìbọn mọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní 1909 ó yọ ti iwájú kúrò. Ó tún ìdìmú ṣe, ó sì fi ohun tí àtàǹpàkò lè fi ti ìbọn pa sí i.

Ní oṣù Kẹta 1911, ó ku ìbọn méjì: ti Colt àti ti Savage. Ọta 6,000 ni wọ́n yìn láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá yin 100, wọn a jẹ́ kó tutù díẹ̀. Bó bá pé 1,000, wọn a nù ún, wọn a ta epo sí i. Ìgbà 37 ni ti Savage ṣe ségesège. Ti Colt kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù náà, ìjọba gbà á, òun sì ni ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ṣọ́jà ní gbogbogbòò títí di 1985.

Ọjọ́ tó dára yìí ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ní tèmi, ìráhùn àwọn ẹlẹ́ṣin ló ṣe pàtàkì jù. Ìbọn tí kò kọ̀ ní 1911, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ̀ fún un.

Ohun kan tún wà. Irin inú ìbọn ológun yìí kò fún mọ́ra. Wọ́n gba ara wọn láàyè. Kò yani lẹ́nu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Remington Rand tó ń ṣe taipuráítà ṣe é, Union Switch & Signal tó ń ṣe àmì ojú irin rélùwéè ṣe é, kódà Singer, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìránṣọ tí gbogbo télọ̀ wa mọ̀, ṣe 500 péré. Irin tí ibí ṣe gbọ́dọ̀ lè wọ inú ìbọn tí ọ̀hún ṣe. Bí ẹrọ̀fọ̀ tàbí iyanrìn bá wọ̀ ọ́, ó ráyè kọjá. Bí ẹ bá mì ín, á dún bíi ṣaworo.

Àwọn tó ń fi í díje, irú àwọn tó ń pàdé ní Camp Perry ní Ohio, kò fẹ́ ìró yẹn. Wọ́n fẹ́ kí ọta máa bá ojú kan náà, wọ́n bá ní kí wọ́n fún irin rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó fún bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún ń fi ọta onímú ihò yìn ín, bẹ́ẹ̀ ọta onímú róbótó ni Browning ṣe é fún. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní o gbọ́dọ̀ yin ọta 200, àwọn mìíràn ní 500, kí irin tó mọ irin lára, bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ bàtà tuntun lára. Àwọn kan ní àwáwí oníṣòwò ni. Òótọ́ wà nínú ti àkọ́kọ́: irin tó fún nílò kí wọ́n ha ara wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnu àpò ọta bá wọ́, tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ, ẹgbẹ̀rún ọta kò ní tún un ṣe. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ìbọn kò gbọdọ̀ pe àìsàn ní ìtìjú.

Ní 2018, àjọ aláìwá-èrè kan tó ń jẹ́ Civilian Marksmanship Program bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ìbọn ológun àtijọ́ wọ̀nyí fún ará ìlú. Àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ rà á. Ìbọn tó ń dún bíi ṣaworo ni wọ́n ń tò fún.