Ooru, Àpáta àti Àpótí Àkúrẹ́ tí ó Re Òfuurufú

Ẹni tí ó bá gbé ìsàlẹ̀ àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé oòrùn a máa wọ̀ tán kí òkúta tó tutù. Ní àṣálẹ́ tí ewé kankan kò mì, ooru a máa ti ara àpáta bá ènìyàn lójú láìfọwọ́kàn án. Ìtànṣán ni ooru náà fi ń jáde. Kò nílò afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e. Ní 1879 ni Josef Stefan, olùkọ́ kan ní Vienna, rí òfin rẹ̀: bí a bá ka ìgbóná láti ibi tí òtútù pin sí, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ooru tí ń tàn jáde yóò di ìlọ́po 16.

Omi ni alágbẹ̀dẹ wa ń ri irin gbígbóná bọ̀. Níbi tí sátẹ́láìtì ń rìn, kò sí omi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan. Ìtànṣán nìkan ni ó kù. A kò sì lè dán an wò ní gbangba, nítorí afẹ́fẹ́ ayé yóò gba nínú ooru náà lọ, yóò sì tan olùdánwò jẹ. Àfi kí a kọ́ yàrá irin, kí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí a wá máa mú ẹ̀rọ náà gbóná, kí a sì máa mú un tutù léraléra.

Àkúrẹ́ kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1981 ni ó ni NigeriaEduSat-1, àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò kan. Kyushu Institute of Technology ní Jàpáànì ni wọ́n ti kàn án, pẹ̀lú ti Ghana, Mongolia, Bangladesh àti ti Jàpáànì fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni yàrá aláìlafẹ́fẹ́ wà. Lójú tèmi, yàrá yìí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí wọ́n rán an lọ, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn pariwo rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ti ìdánwò ni ó mọ ibi tí ẹ̀rọ yóò ti yẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa dúró tì í. Ṣùgbọ́n yàrá náà kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà náà re òkèèrè, ó dé Wembley ní 1924, kò sì padà. Ṣùgbọ́n ojú ará Ìkẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2017 ni àpótí náà gbéra ní Amẹ́ríkà; ní ọjọ́ 7 oṣù keje ni wọ́n tú u sílẹ̀ láti ibùdó àgbáyé tí ó wà lójú òfuurufú. Ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni ó ń yí ayé ká, láti inú oòrùn bọ́ sínú òkùnkùn, ju ìgbà 15 lọ lójúmọ́. Ní 2019 ó já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, ibẹ̀ ni ooru sì ti pa á.