Ìtàn Ìdámọ̀ àti Ìtọ́jú Àrùn Fọ́ńgọ́ọ̀sì Inú Imú: Ipa Tí Ìbàdàn Kó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Òwe yìí ṣe rẹ́gí fún àìsàn kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú imú, tí yóò sì ràn dé àwọn ihò inú egungun ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè òkè. Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ìran olú àti èébu, ló ń fà á. Conidiobolus coronatus ni orúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà ní ilẹ̀ olóoru ló ń gbé. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko ló sábà máa ń mú.

Ní 1961, Emmons àti Bridges fi hàn pé fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ń ba àwọn ẹṣin jà ní Amẹ́ríkà. Ní 1965, Bras àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ rẹ̀ lára ènìyàn ní Jàmáíkà. Ṣáájú èyí, ní 1963, F. D. Martinson, oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun ní Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí irú àrùn imú bẹ́ẹ̀. Ní 1967, òun àti B. M. Clark gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà.

Kí ni iṣẹ́ wọ̀nyí yí padà? Wíwú náà máa ń le, kì í sábà dunni, ó sì jọ jẹjẹrẹ. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi ń gé ẹran díẹ̀ nínú imú, tí a ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ màíkírósíkóòpù, tí a ó sì gbin díẹ̀ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lè hù. Àyẹ̀wò yìí tún ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára mucormycosis, èyí tó ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó sì ń tètè pa àwọn alátọ̀gbẹ bí a kò bá yára ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ní ti ìtọ́jú, abẹ nìkan kò tó, nítorí pé wíwú náà lè tún hù. Potassium iodide ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Lẹ́yìn náà ni ketoconazole àti itraconazole dé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni aláìsàn ń lò wọ́n. Bí ó bá tètè dáwọ́ dúró, àrùn lè padà.

Ní ìkádìí, ìtàn yìí fi hàn pé ìdámọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìwòsàn. Ẹni tí a bá fi àrùn tó gbóògùn pe jẹjẹrẹ lè pàdánù ojú rẹ̀ lásán.