Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ fún Àìsàn Àròtúnrò-Àṣetúnṣe

Àìsàn àròtúnrò-àṣetúnṣe, tí àwọn dókítà ń pè ní OCD, máa ń mú kí ẹ̀rù ìdọ̀tí tàbí ti ewu gba ọkàn ènìyàn. Aláìsàn lè mọ̀ pé ọwọ́ òun ti mọ́, síbẹ̀ á tún un fọ̀ títí awọ á fi bó. Oògùn àti ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ìwọ̀nba àwọn tí méjèèjì kò ràn ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà fún.

Ìtàn

Ní ọdún 1935, dókítà Egas Moniz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ tó ń ba àwọn okùn iwájú ọpọlọ jẹ́ nítorí àìsàn ọpọlọ, ní ìlú Lisbon. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1949. Dókítà Walter Freeman tan irú iṣẹ́ abẹ náà kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún kò padà sí bí wọ́n ti wà mọ́, àwọn mìíràn kú. Oògùn tuntun tó dé ní àwọn ọdún 1950 ló dín àṣà náà kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀nà tó so iwájú ọpọlọ mọ́ àwọn ibùdó inú rẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà lára aláìsàn. Oníṣẹ́ abẹ lè jó ibi kékeré kan lójú ọ̀nà yìí, tàbí kó fi ìtànṣán gámà ṣe é láìla agbárí. Ní 1999, Bart Nuttin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven, Belgium, ròyìn ọ̀nà mìíràn: wáyà tín-ín-rín nínú ọpọlọ, àti bátìrì lábẹ́ awọ tó ń fún un ní iná. Wọ́n lè dín iná rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n pa á. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2009 fún ìwọ̀nba aláìsàn.

Ẹni tó tọ́ sí, àti àbájáde rẹ̀

Lọ́pọ̀ ibùdó, àìsàn náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 5, kí ó sì wọn 28 ó kéré tán nínú 40 lórí òṣùwọ̀n Yale-Brown, tí wọ́n fi ń wọn bí OCD ṣe le tó. Aláìsàn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. A kò gbọ́dọ̀ fi tipá ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn tó gba wáyà, ó lé ní ìdajì tí ara wọn ń yá gan-an, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, ìwòsàn pátápátá kò sì wọ́pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà nínú ọpọlọ, kòkòrò sì lè wọ ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣì ń tẹ̀ síwájú, nítorí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ti rọlẹ̀ ló lè kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sílẹ̀ láìfọ̀.