Ilé Kíréènì tí ó di Ilé Ijó: Ìtàn Kampnagel ní Ìlú Hamburg

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Winterhude kọjá ní ìlú Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1900, ariwo òòlù lára irin ni yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lóde òní ní oṣù kẹjọ ọdún, ìró ìlù àti orin ni yóò gbọ́, àwọn oníjó àti òṣèré láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni yóò sì bá pàdé. Ibì kan náà ni. Kampnagel ni à ń pè é nígbà tí a ń rọ kíréènì nínú rẹ̀. Kampnagel náà ni à ń pè é lónìí tí ó di ilé eré àti ijó.

Ìtàn ilé yìí gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó tóbi ju ìlú Hamburg lọ. Nígbà tí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé bá tán, kí ni ó lè gba ilé náà là? Ta ni ó sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó fi owó rà á ni, tàbí ẹni tí ó làágùn nínú rẹ̀, tàbí ẹni tí kò jẹ́ kí a wó o?

Ní ọdún 1865 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Nagel àti Kaemp, dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ nǹkan wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n kíréènì ni ó sọ wọ́n di olókìkí: ẹ̀rọ gàgàrà tí ó ga bí ìrókò, tí ń na apá rẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi, tí ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ sórí èbúté. Nígbà tí ó yá, a so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, a fi ti ìkejì ṣíwájú, ó sì di Kampnagel. Létí ipa omi Osterbek ni ilé iṣẹ́ náà wà. Àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀ fẹ̀, òrùlé wọn sì ga, nítorí pé ohun tí a ń tò pọ̀ níbẹ̀ kò lè gba inú ilé kékeré. Títí di òní olónìí, àwọn kíréènì tí wọ́n rọ ṣì wà lórí èbúté àtijọ́ ní Hamburg, níbi tí a ti sọ wọ́n di ohun ìrántí.

Hamburg kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn Yorùbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ìlú náà, bí O'Swald àti Gaiser, ń bá Èkó ṣòwò gidigidi. O'Swald a máa fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn, láti fi ra epo pupa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kùrọ́ di ọjà pàtàkì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, kí ogun ọdún 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kùrọ́ tí ń ti Èkó jáde, Hamburg sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà pàtàkì tí ó ń gbà wọlé. Obìnrin tí ó jókòó ní abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ó ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́, lè ṣàì gbọ́ orúkọ Hamburg rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni ó ń kọ́ èbúté kan: ọwọ́ tí ó pa ẹ̀kùrọ́, ọwọ́ tí ó rù ú dé etí omi, àti ọwọ́ tí ó rọ irin tí ń gbé ẹrù sókè. Nínú irú ọrọ̀ báyìí ni Hamburg ti di ìlú ńlá, inú ìlú ńlá yìí sì ni ilé iṣẹ́ Kampnagel ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ìtàn ilé náà ní apá tí ó dúdú pẹ̀lú. Nígbà ogun àgbáyé méjèèjì, ohun ìjà wà lára ohun tí a ń ṣe níbẹ̀. Ní ogun kejì, láàárín ọdún 1939 sí 1945, àwọn ènìyàn tí a fi ipá kó láti ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Hitler gbà wà nínú àwọn tí a mú ṣiṣẹ́ nínú àwọn gbọ̀ngàn náà. Òpìtàn kò gbọdọ̀ fo ibí yìí dá. Ilẹ̀ tí àwọn oníjó ń jó lé lórí lónìí, ilẹ̀ ẹkún àwọn kan ni rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ogun, kíréènì tún di ohun tí gbogbo èbúté ń fẹ́, iṣẹ́ sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1968, ọkọ̀ American Lancer gúnlẹ̀ sí Hamburg. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ èbúté náà tí ó jẹ́ pé kìkì àpótí irin ńlá, èyí tí à ń pè ní kọ̀ntéńà, ni ó kó. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ èbúté ti ń yí padà, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ọ̀pọ̀ kíréènì kéékèèké ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, ẹ̀rọ ńlá díẹ̀ lè ṣe é ní wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 1968 kan náà ni ilé iṣẹ́ Demag gba Kampnagel. Iṣẹ́ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, iná ìjórin kú, ẹnu iṣẹ́ sì dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn níbẹ̀ kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ sílé.

Ìmọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kò ṣòroó lóye: kí a wó gbọ̀ngàn wọ̀nyí, kí a sì kọ́ ilé ìgbé sórí ilẹ̀ náà. Ìyípadà tí ó dé bá ìmọ̀ràn yìí wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ilé eré ńlá ìlú náà, Deutsches Schauspielhaus, ń ṣe àtúnṣe ilé rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò fi ṣe ibùwọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó rí àwọn gbọ̀ngàn òfìfo yìí, ó sì kó eré rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré kéékèèké tí kò ní ilé tiwọn, tí ìjọba kò sì fún ní owó oṣù, náà tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1982 wọ́n ṣe àjọ̀dún kan tí wọ́n pè ní Besetzungsproben. Ọ̀rọ̀ Jámánì yìí ní ìtumọ̀ méjì. Àwọn òṣèré a máa lò ó fún ìdánwò láti mọ ẹni tí yóò ṣe ipa kan nínú eré. Ṣùgbọ́n a tún lè túmọ̀ rẹ̀ sí ìdánrawò fún gbígba ilé. Àwọn ọlọ́gbọ́n òṣèré náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àṣamọ̀ ni, ẹni tí a pa á fún sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí Schauspielhaus padà sí ilé rẹ̀, àwọn òṣèré kéékèèké kọ̀, wọn kò lọ. Wọn kò ní ìwé ilẹ̀, wọn kò sì ní owó tí wọ́n lè fi ra ilẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni eré tí wọ́n ń ṣe, àti àwọn ènìyàn tí ń wá wò ó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ará ìlú mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó sì di ohun ìtìjú láti wó ilé tí ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ń wọ̀ ní alaalẹ́. Apá kan ilẹ̀ náà di ilé ìgbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn gbọ̀ngàn pàtàkì dúró. Kí ọdún 1990 tó dé ni àjọ̀dún eré àti ijó ti ń wáyé níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, tí a ń pe àwọn òṣèré láti òkè òkun sí. Àjọ̀dún yìí ti yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, olùdarí rẹ̀ sì ti yí padà; Matthias von Hartz gbà á ní ọdún 2008, András Siebold sì gbà á ní ọdún 2013. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó máa ń gbà ní oṣù kẹjọ.

Ẹni tí ó mọ ìtàn eré Yorùbá kò ní rí i bí ohun ìyanu pé ilé tí a kò kọ́ fún eré lè gba eré. Ojúde ọba àti àgbàlá ni àwọn alárìnjó fi ṣe ìtàgé. Ní ọdún 1962, ilé ọtí Dúró Ládipọ̀ ní Òṣogbo ni ó di Mbárí Mbáyọ̀; ní ọdún 1964, eré Ọba Kò So tí ó ti ibẹ̀ jáde dé àjọ̀dún eré ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì kan náà. Ilé ọtí ní Òṣogbo àti ilé kíréènì ní Hamburg kò jọra ní títóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ni: ibi tí òṣèré àti òǹwòran bá ti pàdé, ìtàgé ti dé ibẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí ilé eré ìgbà àtijọ́ ní Yúróòpù kò ní. Nínú ilé eré wọ̀nyẹn, aṣọ títa ni ó pín òṣèré níyà kúrò lọ́dọ̀ òǹwòran; nínú gbọ̀ngàn gbalasa, oníjó lè wà láàárín, kí èrò yí i ká bí a ti ń yí eégún ká.

Kì í ṣe Hamburg nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Bochum, ní agbègbè odò Ruhr tí ó lókìkí fún èédú àti irin, gbọ̀ngàn ńlá kan wà tí à ń pè ní Jahrhunderthalle. Ìpàtẹ ọjà ní Düsseldorf ní ọdún 1902 ni a kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, lẹ́yìn náà ni a kó o lọ sí Bochum fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin. Àjọ̀dún Ruhrtriennale, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ń lò ó, Gerard Mortier sì ni olùdarí àjọ̀dún náà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ìjọba ni ó gbé ti Ruhr kalẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú ètò àti owó. Ti Hamburg hù láti ilẹ̀ wá bí ewéko, ìjọba sì wá bomi rin ohun tí ó ti hù.

Bí a bá ti gba ilé báyìí, ta ni a óò ṣílẹ̀kùn fún? Àwọn ará Kampnagel ti gbìyànjú láti dáhùn. Monika Gintersdorfer àti Knut Klaßen mú àwọn oníjó láti Abidjan, bí Franck Edmond Yao, wá sí orí ìtàgé ibẹ̀, kì í ṣe láti fi wọ́n ṣe ìran lásán, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ijó wọn àti ìlú wọn fún òǹwòran. Ìdánwò tí ó le jù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Àwọn ọkùnrin bí 300 ni wọ́n wọ Hamburg ní àkókò náà, ọmọ Gánà, Nàìjíríà, Tógò, Málì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jẹun ní Líbíyà kí ogun ọdún 2011 tó lé wọn gba orí òkun dé erékùṣù Lampedusa. Ní òtútù ìparí ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, a kọ́ ilé onípákó kan sí àgbàlá Kampnagel, àwọn díẹ̀ nínú wọn sì gbé níbẹ̀. Àwọn olóṣèlú kan fi ẹ̀sùn kan Amelie Deuflhard, olùdarí ilé náà láti ọdún 2007, pé ó ṣe àtìlẹ́yìn fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ẹ̀sùn náà kò dá iṣẹ́ ilé dúró. Àwọn kan wí pé ilé eré kì í ṣe ilé ààbò. Ìtàn ibẹ̀ fúnra rẹ̀ lè dá wọn lóhùn: àwọn tí kò níwèé ilẹ̀ ni wọ́n gba ilé náà là ní àkọ́kọ́. Èbúté tí ó ti gba ẹ̀kùrọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì lè sọ pé òun kò mọ ọ̀nà tí àwọn àlejò náà gbà wá.

Nísinsìnyí, a ti fi ètò àtúnṣe àwọn gbọ̀ngàn náà lé Anne Lacaton àti Jean-Philippe Vassal lọ́wọ́, àwọn ayàwòrán ilé ará Faransé tí wọ́n gba ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2021. Òfin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni pé a kì í wó ohun tí ó bá ṣì lè wúlò. Vassal ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Niger fún ọdún mélòó kan ní ìgbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti rí bí ènìyàn ti ń fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wá hàn gbangba. Lílò ni ó gba Kampnagel là, nítorí pé ilé tí ènìyàn ń wọ̀, tí ó ń jáde, kì í tètè wó. Ṣùgbọ́n lílò nìkan kò tó láti sọ ẹni tí ó ni ilé. Ijó lè bo ẹkún mọ́lẹ̀, ìlù sì lè mú kí a gbàgbé òòlù. Àwọn òṣèré náà ṣe ohun kan tí ó tọ́ nígbà tí wọn kò pa orúkọ ilé iṣẹ́ náà rẹ́. Orúkọ nìkan kò san gbèsè, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a rántí pé gbèsè wà: sí àwọn tí wọ́n rọ irin, sí àwọn tí a fi ipá mú ṣiṣẹ́, àti sí àwọn tí ẹrù wọn gba èbúté náà kọjá. Ẹni tí ó bá jogún ilé jogún ìtàn inú rẹ̀ pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ń jó ní Kampnagel bá ń rántí èyí, ijó wọn yóò ní ìtumọ̀.