Àlejò nínú Igbó Ọ̀ṣun: Ìtàn Ìfinimọ̀nà ní Òṣogbo

Ìtàn Igbó Ọ̀ṣun, ìyẹn igbó mímọ́ tó wà létí odò Ọ̀ṣun ní ìlú Òṣogbo, fọ́n káàkiri: ti ìtẹ̀dó ìlú wà lẹ́nu àwọn ará ààfin àti àwọn olùsìn, ti àwọn ère wà nínú ìwé àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ti òfin sì wà nínú ìwé ìjọba. Afinimọ̀nà, ẹni tó ń mú àlejò yí igbó ká tó sì ń sọ ìtàn ibi kọ̀ọ̀kan fún un, ló ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nígbà mìíràn láìsọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni pé Làróòyè, tó ṣí kúrò ní Ìpólé nítorí àìtó omi, àti ọdẹ tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ló kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò náà. Igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, bá wọn mulẹ̀ pé òun yóò dáàbò bò wọ́n bí wọ́n bá ń bọ òun lọ́dọọdún. Àwọn kan ní ọdẹ ló kọ́kọ́ dé, àwọn mìíràn fi Làróòyè, tí a kà sí Àtáọ́ja, ìyẹn ọba Òṣogbo, àkọ́kọ́, ṣáájú. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló yẹ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ yìí: ojú ààfin méjì ló wà nínú igbó, ọ̀kan ní Ojúbọ Ọ̀ṣun gan-an, èkejì níbi tí Làróòyè ṣí lọ kí ìlú tó kúrò nínú igbó pátápátá. Ẹ̀rí yìí kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí omi, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ń rìn nínú igbó náà ń rìn nínú ìlú àtijọ́ ni.

Láti ìgbà ìtẹ̀dó náà títí di àsìkò ìjọba òyìnbó, ọwọ́ àwọn olùsìn ni ìtọ́jú ojúbọ wà.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń jí ère kó. Susanne Wenger, ayàwòrán tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, ti dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Àjàgẹmọ, àgbà olùsìn Ọbàtálá ní Ẹdẹ, sì ti mú un wọ inú ìsìn kí ó tó fi Òṣogbo ṣe ibùgbé, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Bóyá òyìnbó lè jẹ́ olórìṣà kì í ṣe àríyànjiyàn tó yẹ kó gba àyè níhìn-ín, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ni ìsìn ti gbà á. Èyí tó yẹ kí a tú wò fínnífínní ni ẹni tó ṣe àwọn ère tuntun tí wọ́n fi tún igbó náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé fi gbogbo rẹ̀ lé orí Àdùnní, bẹ́ẹ̀ sì ni Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, àti Kàsálí Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, tí wọ́n jẹ́ agbẹ́gilére, wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ère ńláńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti irin mọ kò sì ti ayé Làróòyè wá. Iṣẹ́ Àdùnní àti àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúbọ tí wọ́n dúró sí ti pẹ́ jù wọ́n lọ.

Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di àmì ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 ni ààbò náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75, nígbà tó sì di 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé, ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Irú ọ̀wọ́ ewéko tó lé ní 400 àti àwọn ọ̀bọ inú igbó náà wà lára ohun tí àlejò ń wá wò. Èèwọ̀ Ọ̀ṣun, tó ka igi gígé, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa léèwọ̀, ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí òfin ìjọba wá tẹ̀lé. Lóṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, arugbá, ìyẹn wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, ló ń ṣáájú èrò láti ààfin wọ inú igbó. Ní ọjọ́ yòókù, afinimọ̀nà ló ń ṣáájú.

Àdùnní kú ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2009. Àìsàn Kòrónà dín èrò ọdún Ọ̀ṣun ti 2020 kù. Wíwa góòlù lókè odò sì ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ kí ènìyàn má mu ún. Omi yìí ni àwọn olùsìn ń bù fún ìwòsàn àti ọmọ bíbí, nítorí náà kò yẹ kí afinimọ̀nà kankan fo ìkìlọ̀ náà nígbà tó bá mú àlejò dé Ojúbọ.