Ọgọ́ta Ọdún Ẹ̀kọ́ Rédíò àti Tẹlifíṣàn ní Akọka

Lọ́dún 1966 ni Yunifásítì ìlú Èkó, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Unilag, dá ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Akọka. Bí a ti ń ṣàjọyọ̀ ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ní 2026, ó yẹ kí a rántí ìjà tó ṣáájú rẹ̀: ìjà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, aṣòfin ẹgbẹ́ Action Group, dábàá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fipò sílẹ̀. Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi rù wọ́n. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n kọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí òfin 1954 wá gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fi ọ̀ràn náà jáfara. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ta ni yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Iléeṣẹ́ Overseas Rediffusion ti Lọ́ńdọ̀nù ni ìjọba bá da òwò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú àti ohùn ọmọ ilẹ̀ wa ni aráàlú ń retí. Anikẹ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, Kúnlé Ọlásopé sì ni akàròyìn àkọ́kọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ni irú wọn ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ jinlẹ̀ sí i ní láti sọdá òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Túndé Kèlání, olùdarí sinimá, tó wọ WNTV ní 1970 láti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, ṣe lọ kàwé sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ó tó dìgbà náà, gbogbo ènìyàn ti rí agbára tó wà lẹ́nu gbohùngbohùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tó dá rúgúdù sílẹ̀, ẹnìkan wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, téèpù mìíràn sì dún níbi tí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, yẹ kó ti dún. Wọ́n gbé òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba rédíò Kàdúná láti kéde ìdìtẹ̀gbàjọba. Inú ọdún tó gbóná bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Akọka bẹ̀rẹ̀.

Nsukka ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì Nàìjíríà, ní Jackson College, lọ́dún 1961. Ti Akọka bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú, ọ̀gá àgbà yunifásítì nígbà náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO. Ní àwọn ọdún 1970, Alfred Opubor, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ yìí, di olórí ẹ̀ka náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò mọ òfin, ìtàn àti ìṣe àwùjọ lè fi ohùn dídùn da ìlú rú. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ka ìwé, tí ó sì ń di ẹ̀rọ mú.

Ohun kan ló kù: sítúdíò tí aráàlú ń gbọ́. Ìjọba nìkan ló ní afẹ́fẹ́ títí di 1992, nígbà tí òfin kan dá àjọ NBC sílẹ̀ láti máa fún aládàáni ní ìwé àṣẹ. Raypower, rédíò aládàáni, bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ní 2002, Unilag di yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ìwé àṣẹ rédíò, 103.1 FM, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ralph Akinfeleye sì wà lára àwọn tó jà fún un. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kíláàsì pọ̀. Nínú kíláàsì, àṣìṣe kò kọjá máàkì tí olùkọ́ yọ. Lórí afẹ́fẹ́, bí ohùn bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, olùgbọ́ ti yí lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ènìyàn pè, ẹbí rẹ̀ gbọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ènìyàn gidi ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Láyé téèpù, abẹ ni wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, wọn a sì lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ń ṣe é ní ìṣẹ́jú kan, fóònù ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gbé ètò dé òkè òkun. Àjọ NUC, tó ń ṣàmójútó àwọn yunifásítì, náà rí i pé ìmọ̀ ọ̀hún ti gbòòrò: ní 2019, ó kéde pé kí Mass Communication pín sí ẹ̀kọ́ méje, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ọ̀tọ̀, sinimá òun ìmọ̀ multimedia ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ni jù, bẹ́ẹ̀ Radio Lagos àti Bond FM ń fi Yorùbá bá ẹgbàágbèje sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Kíka ìròyìn ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn àti àmì tó péye, iṣẹ́ tó lófin ni. Ó yẹ kí ó ní olùkọ́, ìwé àti ìdánwò tirẹ̀ ní Akọka. Ẹ̀tọ́ láti fèsì ni Awólọ́wọ̀ béèrè ní 1953. Ìyá ọlọ́jà ní Mushin àti awakọ̀ ní Ọ̀yìngbò náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ní èdè tí wọ́n fi ń ronú. Kí ilé ẹ̀kọ́ yìí fi àwọn ọdún tó ń bọ̀ kọ́ àwọn tí yóò gbé ohùn wọn jáde láì bà á jẹ́.